Fọ́tò Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé sí Takie

Pírínsípà ni mo fẹ́ dà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oge lásán ló sún mi dé ìdí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ tíṣà nílé ìwé girama ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ́ ọmọ títí mo fi ń kọ́ ọmọ àwọn ọmọ tí mo kọ́, mo sì fẹ̀yìn tì láìjẹ́ ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n ń dá ilé ìwé aládàáni kan sílẹ̀ nítòsí wa, tí wọ́n ń wá obìnrin tó dàgbà, tó sì mọ iṣẹ́, láti fi ṣe pírínsípà, mo ní Ọlọ́run ló rántí mi.

Kánádà ni ẹni tó ni ilé ìwé náà ń gbé. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ mi sì wọ̀ ọ́ létí. Ó ní èèyàn méjì péré ló kù, ọ̀kan nínú wa ni òun máa mú. Ó wá ní kí n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé, fọ́tò pùròfẹ́ṣánnà, nítorí pé ojú pírínsípà ni òun máa gbé sórí pátákó ńlá tí wọ́n fẹ́ rì sí oríta Takie. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ojú tó bágbà mu, mà," ló wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán, mo lọ síwájú dígí, mo bi ojú mi léèrè ìgbà tí ó bá mu.

Ìgbà ìyá bàbá mi ló bá mu. Àbàjà ni wọ́n kọ fún mi, ilà mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́rin ní tòsì, ó sì jìn dáadáa, nítorí pé olóòlà tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, àwọn ilé kan ti ń jáwọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní bí ọmọ tí kò kọlà bá sọnù, ta ni yóò mọ ilé tí wọn yóò dá a padà sí? N kò sọnù rí láyé mi. Wọ́n ní bí ilà bá jinná tán, oge ló ń dà. Tèmi jinná, mo sì ń retí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, àwọn ọmọ Èkó tó wà ní kíláàsì wa máa ń bi mí bóyá ológbò ló họ mí lójú. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé yàrá mi, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkọ mi ní kí n lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò. Mo mọ àwọn oní-fọ́tò wa. Ẹni tó yà mí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì gbé mi síwájú aṣọ tí wọ́n ya òdòdó àti omi tó ń ṣàn sí, ó ní kí n ṣe bí ẹni pé mo fara ti igi kan tí kò sí níbẹ̀. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá ya ara mi.

Fídíò kún orí fóònù tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wò wọ́n. Wọ́n ní kí èèyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ara yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú padà sí kámẹ́rà, kí ẹ̀rín wà nínú ẹyinjú ṣùgbọ́n kó má dé eyín. Èmi tí wọ́n kọ́ pé bí wọ́n bá ń yani ní fọ́tò, ṣe là á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún kí aago lè hàn, ká sì le ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n, pé ó máa ń fi hàn pé èèyàn ń ronú. Mo gbìyànjú rẹ̀. Kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀ dáadáa ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti Ọ̀yọ́: "Gbọ́wọ́ kúrò lẹ́rán. Ta ló kú?" Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa tó lè fọwọ́ lẹ́rán kí wọ́n má gbá a lọ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ sílẹ̀. Bí pírínsípà bá fẹ́ ronú, kó máa fi orí nìkan ronú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkọ mi ti jáde, mo fi aṣọ ibùsùn funfun kọ́ ara ògiri. Mo gbé tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ síwájú fèrèsé, mo gbé agolo mílíìkì ńlá mẹ́rin lé e, mo gbé ìwé orin ọkọ mi lé àwọn agolo lórí, mo wá gbé fóònù dúró lórí ìwé orin. Onítẹ̀bọmi ni ọkọ mi. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó mú ìjọ wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí ni ìwé orin wọn máa bọ̀ wá ṣe. Kóòtù dúdú tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ni mo wọ̀. Ó tóbi jù mí lọ, mo bá fi ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn mú un lẹ́yìn níbi mẹ́fà. Láti àyà sókè, mo dà bí ẹni tó ní ọ́fíìsì. Láti àyà sísàlẹ̀, ìró àdìrẹ tó ti ṣá ni mo ró, n kò sì wọ bàtà.

Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín sí agolo mílíìkì báyìí ni ìyá tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nìkankan, mà."

"Ó dáa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa."

Títí di òní, bí ìyá náà bá rí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa ń kí mi, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsípítù dé.

Fọ́tò tí mo yà lé ní ogójì. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mo dà bí ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù mú ní ẹnubodè. Nígbà tó yá, mo dà bí ẹni tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbà á gbọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé náà dára, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá dára, ilà ló kọ́kọ́ ń fi hàn. Ó tò wọ́n sílẹ̀ kedere, mẹ́rin, mẹ́rin.

Àlòkù ni fóònù mi, Sábó ni mo ti rà á. Nǹkan kan wà ní igun ìsàlẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ tí n kò fọwọ́ kàn rí, àwòrán ojú obìnrin kékeré kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, nǹkan róbótó kan wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè fi ìka fà, láti òdo dé mẹ́wàá. Mo fà á dé méjì. Àpò abẹ́ ojú mi lọ. Mo ní ó ṣeun. Mo fà á dé márùn-ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fẹ́lẹ́, awọ ara mi ń dán bíi ti ẹni tó ń jẹun lásìkò, ilà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ tí wọ́n ń nù kúrò lójú pátákó. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí, àgbàlagbà ni mí. Mo fà á dé mẹ́wàá.

Ilà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ pátápátá. Mo ya fọ́tò náà kó tó yí ọkàn padà.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń fẹ́ mọ bí ojú mi ì bá ṣe rí ká ní wọ́n fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wáyé. Mo gbé fóònù sún mọ́ fèrèsé kí n lè wo ara mi dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe èmi ni mò ń wò. Àbúrò mi ni.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ọdún méje ni mo sì fi ju àbúrò mi lọ. Kí wọ́n tó bí i ni ìyá àgbà ti kú, bàbá wa sì ní òun kò tún ní gbé ọmọ òun fún olóòlà mọ́. Báyìí ni ojú kan náà ṣe wá sáyé lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n kọ nǹkan sí ọ̀kan, tí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Imú kan náà ni, iwájú orí kan náà. Òun ni àwọn èèyàn ń pè ní arẹwà. Èmi ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n arẹwà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú mi láìbá ara wọn jà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ibà mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn.

Nílẹ̀ wa, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ obìnrin, wọn kì í jẹ́ kí nǹkan ọmọ náà wà níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ìyàwó ilé ti kó aṣọ àbúrò mi lọ, bàtà rẹ̀, ìwé rẹ̀, títí kan ìyarun rẹ̀. Wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ló kó àwọn fọ́tò àbúrò mi, ó fa gbogbo wọn ya. Àáfà ni bàbá wa, ó ní àwòrán kì í jẹ́ kí máléékà wọ ilé. Fọ́tò tirẹ̀ tó yà nígbà tó ti Mẹ́kà dé, tó gbé sínú férémù, kò kúrò lára ògiri ní tirẹ̀, bóyá máléékà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sí ojú àbúrò mi níbi kankan mọ́, n kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá wa mọ́. Òun wá rèé lórí fóònù àlòkù, ó wọ kóòtù ọkọ mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Mo jókòó, mo ń wò ó, títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, mo yí kámẹ́rà ẹ̀yìn síra mi, èyí tí kò mọ ẹ̀tàn kankan, mo ya ẹyọ kan pẹ̀lú àbàjà mi àti àpò abẹ́ ojú mi. Fọ́tò méjì ló wá wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan tó lè sọ mí di pírínsípà, àti ọ̀kan tó jọ mí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo fi ti àkọ́kọ́ hàn án. Kò mọ àbúrò mi, ó ti kú kí èmi àti ọkọ mi tó pàdé. Ó wo fọ́tò náà dáadáa.

"Ó dára púpọ̀," ló wí. "Ta ni?"

"Èmi ni."

Ó tún wò ó, ó wò mí, ó sì ní, "Kóòtù yẹn jọ tèmi."

Ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé rèé. Mo bi í léèrè èwo ni kí n fi ránṣẹ́. Ó ní èyí tí wọ́n máa gbà ni. Olóòótọ́ èèyàn ni ọkọ mi, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. N kò sọ ti àbúrò mi fún un, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ síta, n kò ní lè fi fọ́tò náà ránṣẹ́ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ojú mi ni, fóònù mi ni, kóòtù nìkan ló jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mo pinnu pé ọjọ́ Àìkú ni màá fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti Ọ̀yọ́ dé.

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń lọ wo ìyá mi ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni ilé wa wà. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ ní ọsípítù, láti ìgbà náà ló sì ti ń rí ohun tí a kò fẹ́ kó rí. Orí ẹní ìrun rẹ̀ ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Ẹ kú ilé o, Màmá."

"Kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Wọ́n ní o wọ kóòtù àwọn ya fọ́tò."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹni tó ni kóòtù. Wọ́n pè mí láàárọ̀, wọ́n ròyìn gbogbo ẹ̀. Gbé e wá kí n wò ó."

Mo ti ro èyí tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí tó ní ilà ni mo ṣí, mo sì gbé e fún un. Ó gbé fóònù jìnnà díẹ̀ sójú, ó ní ó dáa, àmọ́ ó jọ pé ó ti rẹ̀ mí, ṣé n kò jẹun kí n tó yà á ni? Mo ní mo jẹun. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ni mo máa dá lẹ́bi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka fa fọ́tò kan lọ kí òmíràn lè dé. Kí n tó na ọwọ́, ó ti fà á.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Láti inú ọjà, ẹnìkan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku, ó ń sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ. Ìyá mi wá dárúkọ àbúrò mi. Kò pariwo, ṣe ló pè é bí ìgbà tó bá ń pè é láti yàrá kejì.

"Màmá, èmi ni," mo wí. "Fóònù ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó yọ ilà kúrò."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣèrànrán ni?"

Mo ní ẹ má bínú, mà. Ó tún wo fọ́tò náà.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà lójú mi látọjọ́ yẹn," ló wí. "Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń wá kí mi nílé yìí. Wọ́n ti lọ́mọ, wọ́n ti hewú, eyín àwọn mìíràn ti ń ká. Tí wọ́n bá lọ tán, màá jókòó, màá ní òun náà ńkọ́, báwo ni ò bá ṣe rí? Mi ò lè rò ó débẹ̀. Ojú kan náà ló máa ń wà." Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀. "Ó mà dàgbà dáadáa."

Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ìyá mi ti gbàgbé díẹ̀, nítorí pé kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní àánú, àwa la sinmi nínú rẹ̀, òun kò sinmi. Èmi ní tèmi, ìlú kan ni mo fẹ́ fi ojú ọmọ rẹ̀ tàn jẹ.

"Èwo lo máa fún àwọn oníléèwé yẹn?" ó bi mí.

"Ìyẹn ni, mà."

"Níbo ni wọ́n ní àwọn máa gbé e sí?"

"Takie. Lórí pátákó, ní oríta."

Kò bínú. Ó fa etí ìborùn rẹ̀, ó ń fi nu ojú fóònù díẹ̀díẹ̀.

"Òjò á máa pa á níbẹ̀," ló wí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ní ilà ni mo fi ránṣẹ́ sí Kánádà, níbẹ̀ lójú rẹ̀. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọn kò mú mi. Ọ̀gá náà fi ọ̀rọ̀ tó dára dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì lè búra pé ilà ló fà á. Obìnrin tí ojú rẹ̀ bágbà mu ló wà lórí pátákó náà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rán, kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹni tó kú. Òjò ọdún yìí ti ń bó o létè. Ó dùn mí pé n kò rí iṣẹ́ náà, ó ń dùn mí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá ní Takie, n kì í fẹ́ kó jẹ́ fọ́tò mi tí kò ní ilà ni mò ń wò lókè yẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣí fọ́tò náà padà fún ìyá mi, ó sì gbà á. Ó gbé e kalẹ̀ láti kí ìrun Àlàásárì, ó kí i tán, ó tún gbé e. Nígbà tó yá, mo ní kí n máa lọ kí n lè tètè rí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀, mo sì na ọwọ́ pé kó fún mi ní fóònù mi. Kò fún mi. Kò gbójú kúrò lórí rẹ̀.

"Jókòó díẹ̀ sí i," ló wí.

N kò mọ èwo nínú àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo jókòó.